Fóònù Tó Gbó Ju Mápó Lọ

Ọdún 1929 ni wọ́n ṣí Gbọ̀ngàn Mápó n'Ìbàdàn, wọ́n sì ń ṣe ìnáwó níbẹ̀ títí dòní. Android KitKat, ètò inú fóònù tí wọ́n bí lọ́dún 2013, ti di arúgbó ní tiẹ̀: láti ọjọ́ kìíní ọdún 2025 ni WhatsApp ti ní òun ò bá a ṣe mọ́. Bẹ́ẹ̀, fóònù tó ń lo KitKat ò ṣàìsàn. Ojú rẹ̀ ń tàn, bátìrì ń gba iná (bí iná bá wà), ẹ sì lè fi pe ẹni tó wà ní Bẹẹrẹ. Àwọn tó ń tún fóònù ṣe lè pààrọ̀ ojú, wọ́n lè pààrọ̀ bátìrì. Android tuntun tí ilé iṣẹ́ tó ṣe fóònù kò fi ránṣẹ́ ni kò sí nínú àpótí wọn.

Wọ́n ní nítorí olè orí ẹ̀rọ ni WhatsApp fi kọ̀ ọ́, pé ibi tí olè ń gbà wọlé pọ̀ lára Android àtijọ́. Mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ta ló kọ̀ tí kò dí i? Kì í ṣe ìyá elélùbọ́ Ọjà'ba, ẹni tó sanwó fóònù tí kò sì láṣẹ láti fọwọ́ kan ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹlòmíràn á ní kó lọ ra iPhone. iPhone 6 náà ńkọ́? Orí iOS 12 ni Apple dá a dúró sí, WhatsApp sì kọ̀ ọ́ lóṣù karùn-ún ọdún 2025. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ò ju pé owó tiẹ̀ ló pọ̀ jù.