Ẹ Fi Èṣù Ojúẹlẹ́gba Sílẹ̀

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa onítírélà, ẹ kú ewu ọ̀nà o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yin gan-an ni ewu náà. Láti Àpápá títí dé Ògèrè, bí dẹrẹ́bà dánfó bá ti gbúròó fèrè yín lẹ́yìn, ẹni tó ń ṣépè fún gbogbo ayé tẹ́lẹ̀ á yà bàrá, á sì rántí kálímà tó ti gbàgbé láti ilé kéú. Ẹ̀fẹ̀ la wá ṣe. Ẹni tí inú bá ń bí, kó fi ẹsẹ̀ tẹ bíréèkì bínú.

Ká kọ́kọ́ yìn yín, torí ọkọ̀ yín mọ Ọlọ́run. "Ọlá Olúwa" wà níwájú, "Ìyá Ni Wúrà" wà lẹ́yìn, tẹ̀sùbáà ń fì lábẹ́ díńgí, oǹdè wà lápò ṣòkòtò. Gbogbo ohun tó ń dáàbò bo èèyàn ló pé síbẹ̀, àfi twist lock mẹ́rin tó yẹ kó di igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọ̀ǹténà mú. Kò kúkú sọnù. Ó wà níbẹ̀, ó ń wò yín. Ọwọ́ la fi ń yí i, mótò-bọ́ì á sì yí gbogbo rẹ̀ tán kí ẹ tó jẹ ẹ̀wà àti búrẹ́dì yín débi ìsàlẹ̀ abọ́. Ẹ ní ẹrù wúwo, kò níbi tó ń lọ. Lóòótọ́, kọ̀ǹténà ẹlẹ́sẹ̀-bàtà 40 tó ṣófo tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 4. Bó bá kún, ó lè tó 30. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi eré já kọ́nà, ẹ̀yin lẹ yà, òun ò mọ̀. Ọ̀kánkán tó ń lọ tẹ́lẹ̀ ló ṣì ń lọ.

Àwọn kan nínú yín tiẹ̀ ní àlàyé ìjìnlẹ̀: bí àwọn bá tì í pa, tó bá fẹ́ ṣubú, á fa ọkọ̀ lulẹ̀ mọ́ra. Nítorí náà, kó dá ṣubú! Ẹ gbọ́ ìṣirò. Wọ́n ti ro ti ọkọ̀, wọ́n ti ro ti ọ̀gá, wọ́n ti ro ti ara wọn. Ẹni tó máa já lé lórí nìkan ni wọn ò kà.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2015, kọ̀ǹténà já bọ́ láti orí afárá Ojúẹlẹ́gba sórí mọ́tò nísàlẹ̀, èèyàn 3 kú. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, ládùúgbò kan náà, òmíràn wó lu bọ́ọ̀sì akérò, èèyàn 9 lọ, ọmọdé wà nínú wọn. Mi ò lẹ́fẹ̀ fún ìyẹn. Ohun tí wọ́n máa ń sọ lẹ́yìn rẹ̀ ni mo lẹ́fẹ̀ fún: "Iṣẹ́ Èṣù ni." Èṣù wo? Ẹlẹ́gba ti jókòó sójúbọ rẹ̀ níbẹ̀ kí Èkó tó fojú kan kọ̀ǹténà. Epo pupa ló ń gbà, kì í gba dísẹ́ẹ̀lì. Baba ò ní láísẹ́ǹsì, kò sì mọ gíá.

Ti bíréèkì ńkọ́? Atẹ́gùn ló ń mú un, páìpù ló ń gbé e lọ sẹ́yìn. Bí tiwájú bá mú, tí tẹ̀yìn ò mú, ẹ̀yìn á yí wá wo dẹrẹ́bà lójú láti béèrè ohun tó dé. Ṣùgbọ́n bíréèkì tí ẹ gbọ́kàn lé jù lọ wọ sálúbàtà, ó sì gbé igi dání. Bí ọkọ̀ bá ti ń mí gúlegúle lórí òkè, mótò-bọ́ì á bẹ́ sílẹ̀, á sáré tẹ̀ lé táyà, á fi wẹ́ẹ̀jì há a nídìí. Ó dá mi lójú pé ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ yẹn ò fi ọmọ ọlọ́mọ kún bíréèkì.

Bí ọkọ̀ bá wá kọṣẹ́ lóru ní márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ewé lẹ ó já sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ láti fi kìlọ̀. Ewé! Ní aago méjì òru, fún ẹni tó ń sáré 120!

Ọ̀gá tó ni ọkọ̀ náà kúkú mọ̀ yín. Ní ọjọ́ kan tó wà nínú jíìpù rẹ̀, tírélà kan yọ lẹ́yìn. Ó kígbe mọ́ dẹrẹ́bà rẹ̀ pé, "Yà fún un kíá, wèrè ló ń wa nǹkan yẹn!" Dẹrẹ́bà ní, "Ọ̀gá, tiwa ni o." Ọ̀gá ní, "Mo mọ̀. Yà!"