Kí Ló Ń Lé Bọ̀dá Akọ̀wé?

Ẹ gbọ́, mi ò kì í tojú bọ ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀. Ṣùgbọ́n bí ọkùnrin tó ń gbé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì bá ń jáde nílé láago márùn-ún ìdájí pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé, tí ìyàwó rẹ̀ sì dúró lójú fèrèsé tó káwọ́ lérí, ṣé kí n fọ́ ara mi lójú ni?

Bọ̀dá Akọ̀wé ni mò ń wí. Ọmọ Ìbàdàn gidi. Bó bá bá wọn lọ síbi ìgbéyàwó ní Èkó, alẹ́ ọjọ́ yẹn náà ló ń padà, nítorí ó ní ẹ̀fọn ibẹ̀ ò mọ ẹni iyì. Eré tó gùn jù tí mo mọ̀ pé ó sá rí ni ọjọ́ tí takisí Micra gbé báàgì rẹ̀ lọ ní Mọ́kọ́lá, kò sì bá a. Òun náà ló dúró nídìí ẹ̀rọ omi ní Sátidé kan tó ní òun ń lọ sá márátọ́ọ̀nù Èkó, kìlómítà 42. Ìyá Ìbejì rọra gbé kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀. Ó ní, "Ṣé mọ́tò ò sí ni?"

Kí ẹ lè mọ bó ṣe jìn tó, ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ rin ìyẹn láti Ìbàdàn, ó kù díẹ̀ kó dé Ìwó. Kò ru ẹrù, kò lọ kí àna, ẹnikẹ́ni ò sì ránṣẹ́ pè é.

Àwọn àgbà ní ẹnìkan kì í dédé sáré nínú ẹ̀gún. Bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e. La bá jókòó ti ọ̀rọ̀ náà. Kí ló ń lé ọkùnrin yìí? Ìyá Ìbejì ní gbèsè àjọ ni. Bọ̀dá Télọ̀ ní dókítà ló sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń ru. Èmi ní eré kọ́ ló ń gbé e lọ sí Èkó, ẹnìkan ló wà níbẹ̀. Mi ò dárúkọ o, mi ò sì sọ pé obìnrin ni. Bàbá Lánlọ́ọ̀dù nìkan ni kò sọ nǹkan kan. Ó kàn wo bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ Akọ̀wé, ó wúkọ́. Bàtà náà, tòkúnbọ̀ ni lóòótọ́, àmọ́ tòkúnbọ̀ tó lówó lórí ni, abẹ́ rẹ̀ ga bíi tìmùtìmù.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìdájí sáré. Ẹ̀yin náà ẹ mọ Ìbàdàn. Ẹni tó bá ń sáré lójú òkùnkùn láì gbé nǹkan kan lọ́wọ́, olè tó ti ju ẹrù sílẹ̀ ni. Ọlọ́dẹ tó wà ní oríta fọn fèrè sí i. Àwọn géńdé tó ń bọ̀ láti ìsọjí òru gbọ́ fèrè, àwọn náà tẹ̀ lé e. Ajá Alhájì tẹ̀ lé wọn. Wọ́n lé e gun Òkè Ààrẹ títí dé ìdí ilé gogoro Láyípo kí ẹnìkan tó tan tọ́ọ̀ṣì sí i lójú tó ní, "Há à, ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ lẹ́tà ìwé-ẹ̀rí ọmọ ìlú fún mi?" Ọkùnrin náà ò bínú o! Ó wálé, ó wo aago, ó ní òun ò tíì sáré gun òkè yẹn kíákíá báyìí rí.

Ibi tí Tísà ti wọ ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Tísà tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé yàrá iwájú. Bí ẹ bá bi í pé aago mélòó ló lù, àfi kó kọ́kọ́ ròyìn ẹni tó ṣe aago. Ó ní Akọ̀wé kọ́ ló máa kọ́kọ́ lọ sá eré tí kò mọ ìwọ̀n rẹ̀ nílùú onílùú. Ó ní lọ́dún 1904, nígbà tí wọ́n ṣe Òlíńpíìkì ní St. Louis ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan wá láti Kúbà, Félix Carvajal, tó ń pín lẹ́tà jẹun.

Mo ní, "Ṣé Kúbà tí wọ́n ti ń bọ Ṣàngó?"

Ó ní ibẹ̀ náà ni. Mo ní a jẹ́ pé ẹbí wa ni. Tísà ní òun ò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀.

Wọ́n ní Carvajal sáré káàkiri ìlú rẹ̀ láti fi kó owó ọkọ̀ jọ. Ó dé New Orleans, ó bá àwọn kan ta tẹ́tẹ́, wọ́n gba gbogbo owó náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ló bá ń rìn, ó ń bẹ ọlọ́kọ̀, bẹ́ẹ̀ ló ṣe dé St. Louis tebitebi. Lọ́jọ́ eré, ṣòkòtò gígùn ló wọ̀, pẹ̀lú ẹ̀wù alápá gígùn àti bàtà tí wọ́n fi ń lọ sóde. Ẹnìkan nínú àwọn eléré-ìdárayá ṣàánú rẹ̀, ó mú sísọ́ọ̀sì, ó gé ṣòkòtò náà ní orúnkún.

Bọ̀dá Télọ̀ ní, "Ṣé wọ́n ká a létí?"

Ooru mú, eruku àwọn mọ́tò tó ń tẹ̀ lé wọn bo ojú ọ̀nà, omi sì ṣọ̀wọ́n. Àwọn 32 ló bẹ̀rẹ̀, 14 péré ló parí. Ebi pa Carvajal lójú ọ̀nà, ó yà sínú oko eléso, ó já ápù, ápù náà dà á nínú rú, ó bá dùbúlẹ̀. Nígbà tí inú rẹ̀ rọ̀, ó dìde, ó sáré lọ, ó sì ṣe ipò kẹrin. Ẹni tó kọ́kọ́ wọ pápá, Fred Lorz, wọ́n ti ń hó yèè fún un kí wọ́n tó mọ̀ pé mọ́tò ló gbé e ré kọjá ọ̀pọ̀ ibẹ̀. Thomas Hicks tí wọ́n wá gbé ipò kìíní fún, àwọn èèyàn rẹ̀ ti fún un ní ògidì ọtí, wọ́n tún po oògùn tí wọ́n fi ń pa eku mọ́ funfun ẹyin, wọ́n ní á fún un lágbára. Ìyá Ìbejì ní kí Akọ̀wé búra lójú gbogbo wa pé òun ò ní gba nǹkan ẹnu lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ní Èkó.

Ọmọ Áfíríkà wà níbẹ̀ náà, Len Taunyane láti Gúúsù Áfíríkà. Ajá lé e kúrò lójú ọ̀nà, ó jìnnà gan-an kó tó rí ọ̀nà padà, síbẹ̀ ó ṣe ipò kẹsàn-án. Nínú gbogbo wọn, ti ẹni yẹn nìkan ló yé mi, torí mo mọ ohun tó ń lé e.

Tísà ò tíì ṣe tán. Ó ní nǹkan bíi kìlómítà 40 ni wọ́n ń sá tẹ́lẹ̀. Lọ́dún 1908 ní Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ eré láti ààfin Windsor, tí wọ́n sì parí rẹ̀ níwájú ìjókòó àwọn ará ààfin nínú pápá, ló bá di 42 àti mítà 195. Ní 1921 ni wọ́n wá fìdí rẹ̀ múlẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ayé. Ẹ gbọ́ ọ ná, nítorí àwọn ará ààfin, wọ́n fi ìyà kún ti mẹ̀kúnnù. Èyí ò yà mí lẹ́nu rárá.

Akọ̀wé lọ sí Èkó ní oṣù kejì. Ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Sùúrùlérè ló sùn, àbí kí n sọ pé ibẹ̀ ló dùbúlẹ̀ sí, torí jẹnẹrétọ̀ àwọn aládùúgbò ò jẹ́ kó fojú ba oorun. Ní ìdájí, ó rìn lọ sí pápá ìṣeré ńlá tó wà níbẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń gbéra. Wọ́n ní èrò tó wà níbẹ̀ ju ti ọjọ́ Iléyá lọ. Àwọn ará Kẹ́ńyà wà níwájú, tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìgbálẹ̀. Àwọn ni ẹlẹ́rù ibẹ̀. Abraham Kiptum, ọmọ Kẹ́ńyà, ló gba ipò kìíní nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ sá eré náà ní 2016. Wọ́n ní kí wọ́n máa lọ, Akọ̀wé sì tẹ̀ lé wọn. Kí ó tó mí lẹ́ẹ̀mejì, kò rí ẹ̀yìn wọn mọ́.

Ó ní òun ṣe dáadáa títí òun fi gun Third Mainland. Afárá yẹn gùn ju kìlómítà 11 lọ. Ó ní ní Ìbàdàn, ẹni tó bá ń gun òkè mọ̀ pé òun máa tó sọ̀. Afárá tiwọn kàn ń lọ ni. Kò sí igi, kò sí ṣọ́ọ̀bù tí èèyàn á dibọ́n pé òun fẹ́ ra nǹkan. Ọ̀sà nìkan, pẹ̀lú àwọn ilé Mákòókò tó dúró lórí òpó nínú omi, àti oòrùn tó dojú kọ ọ́ bí ẹni tó ń béèrè gbèsè.

Nígbà tó fi máa lé ní kìlómítà 30, ẹsẹ̀ ní òun ò lọ mọ́. Tísà ní ṣúgà tí iṣan àti ẹ̀dọ̀ fi pamọ́ ló tán, ó ní níbẹ̀ ló máa ń tán lára ọ̀pọ̀ èèyàn. Akọ̀wé ní òun ò mọ ti ṣúgà, ohun tí òun mọ̀ ni pé ìyá oníṣu kan tó ru igbá lórí, tó ń rìn jẹ́jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, kí òun pé "ẹ kú iṣẹ́ o", wọ́n jọ ń lọ, ìyá sì fi òun sílẹ̀.

Ó bi ọmọ tó ń pín omi pé ó kù mélòó. Ọmọ ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó kù díẹ̀." Ó sáré títí, ó bi ọlọ́pàá. "Ó kù díẹ̀." Ó gun afárá Ìkòyí sí Lẹ́kkí, ó bi àwọn ọmọ àdúgbò tó jókòó sórí pèpéle. Gbogbo wọn dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, "Alàgbà, ẹ má dúró, ó kù díẹ̀!" Díẹ̀ ti Èkó, ẹ bá mi fi sínú òṣùwọ̀n.

Ó ṣáà dé Eko Atlantic, orí ilẹ̀ tí wọ́n rọ iyanrìn sókun láti fi ṣe, wọ́n sì fi àmì-ẹ̀yẹ kọ́ ọ lọ́rùn. Nígbà tó wálé, gbogbo wa jáde. Bàbá Lánlọ́ọ̀dù fi eyín gé àmì-ẹ̀yẹ náà wò bóyá góòlù ni. A ní, "Ipò kélòó?" Ó ní òun parí. A ní a ti gbọ́, ipò kélòó? Ó ní òun PARÍ. Ọ̀rọ̀ náà ò lójú.

Ìyá Ìbejì ló bá ìyàwó rẹ̀ fọ aṣọ, ló bá rí ẹ̀jẹ̀ lára ẹ̀wù eré náà, ojú méjì, níbi àyà, lọ́tùn-ún lósì. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ ti dé ọ̀dọ̀ aláta pé wọ́n ti fi nǹkan gún Akọ̀wé ní Èkó. Èmi kọ́ ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Èmi kàn bi aláta léèrè bóyá ó ti gbọ́ ni. Àṣé ẹ̀wù tó ti rin gbingbin fún òógùn ló ń ha ọmú rẹ̀ láti òwúrọ̀. Àwọn tó mọ eré náà, fasilíìnì ni wọ́n ń fi pa á kí wọ́n tó jáde nílé. Báwo lọkùnrin tí kò fọ́mọ lọ́mú rí ṣe máa mọ ìyẹn?

Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi iṣẹ́. Itan ò gbà. Ó yí padà, ó fi ọwọ́ méjèèjì di irin pẹ̀tẹ́ẹ̀sì mú, ó ń fi ẹ̀yìn sọ̀, àtẹ̀gùn kan, "yéè", àtẹ̀gùn kejì, "yéè". Kò rí Bàbá Lánlọ́ọ̀dù tó ti gbé àga sí ìsàlẹ̀, tó gbé ìwé rìsíìtì lé itan, tó ń fi bírò họ etí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀, ó yíjú.

Bàbá ní, "Akọ̀wé, o káre. Jókòó. Mo ṣáà mọ̀ pé o ò lè sáré lónìí."