Alhaja Wo Lẹ Ń Pàtẹ́wọ́ Fún?

Háà! Ẹ̀yin ará Lekki títí dé Ajah, ta ló ṣépè fún wa? Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù onídìrí kan l'Ajah ní Sátidé tó kọjá, fíìmù King of Boys tí Kemi Adetiba gbé jáde lọ́dún 2018 ni wọ́n ń wò. Ṣọlá Ṣóbọ̀wálé, tó ṣe Alhaja Ẹniọlá Salami, wé gèlè gàgàrà, ó jókòó bí ọba, àwọn jàǹdùkú ń kó ìṣákọ́lẹ̀ wá síwájú ẹ̀. Ni gbogbo ṣọ́ọ̀bù bá pariwo: “Alhaja wa!” Ìyá kan tí wọn ò tíì dirun ẹ̀ dé ìdajì dìde, ó ń jùdí.

Alhaja ta? Ẹniọlá Salami tó fi owó ẹ̀jẹ̀ wá ipò mínísítà, tó gbàgbé pé bàbá ìsàlẹ̀ òṣèlú tó gbé òun gẹṣin ló di ìjánu mú? Àwọn agbófinró dé sẹ́nu ọ̀nà, Makanaki, jàǹdùkú tí Reminisce ṣe, ń lé e látẹ̀yìn, ọmọ rẹ̀ méjèèjì sì kú mọ́ ọn lójú. Mo ní kí wọ́n wo ìyà! Wọ́n ní kí n dákẹ́, gèlè làwọn ń wò.

Lóṣù kẹjọ ọdún 2021, apá kejì dé sórí Netflix. Obìnrin tó sá kúrò nílùú fún ọdún márùn-ún tún padà dé. Ẹ rò pé ó máa forí pamọ́? Gómìnà Èkó ló lóun fẹ́ ṣe! (Ẹ má bi mí bóyá mo wò ó. Ìpín méje ni, òru kan ni mo fi wò ó tán.)

Nígbà tí Túndé Kèlání gbé fíìmù Ṣaworoidẹ jáde lọ́dún 1999, ta ló jùdí fún Lápité? Ọba tó sá fún ìbúra oyè, tó ń jẹ owó gẹdú! Ọjọ́ tí Lágata ológun dojú ẹ̀ bolẹ̀, “ó tọ́ sí i” là ń wí nílé wa.

Àmọ́ kí ló dé tí mo fi ń bá àwọn ará ṣọ́ọ̀bù onídìrí nìkan wí? Lẹ́yìn géètì ẹ̀sítéètì níbí, ẹni tí kò sẹ́ni tó mọ iṣẹ́ ẹ̀, àga iwájú là ń gbé fún un lóde àríyá, “ẹ kú ọlá” sì ni ìkíni.

Ìyá tó jùdí yẹn ní kí n bá òun ra irú gèlè Alhaja wá láti ọjà Balógun. N ò rà á o. Ẹ bá mi sọ fún un.