Odindi Tó Dénú Ẹ̀rọ Tó Di Àbọ̀

Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, bó bá dénú rẹ̀, á di odindi. Ayé ti yí i po: odindi ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ẹ̀rọ, bó bá dénú rẹ̀ tán, á di àbọ̀. Àbọ̀ ọ̀hún la wá ń gbé kiri orí WhatsApp. Ẹni tó ráyè wo bọ́ọ̀lù fún wákàtí méjì ni kò ráyè ka ojú ewé méjì.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí iṣẹ́ fífi ẹ̀rọ gé ọ̀rọ̀ kúrú ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1958, Hans Peter Luhn ti ilé iṣẹ́ IBM ní Amẹ́ríkà ṣàlàyé bí kọ̀ǹpútà ṣe lè gé àròkọ kúrú. Kò ní kó lóye ohunkóhun o. Kó ka iye ìgbà tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan jẹyọ ni, kó fo àwọn wẹ́wẹ́ tó wà níbi gbogbo, kó wá ṣa gbólóhùn tí àwọn ọ̀rọ̀ tó kù bá ti ṣù jọ. Irú irinṣẹ́ aṣagbólóhùn bẹ́ẹ̀ ṣì wà títí dòní. Ire wọn ni pé wọn kì í fi ọ̀rọ̀ ara wọn kún tòǹkọ̀wé. Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà ni “ṣùgbọ́n”. Ẹ kọ ọ́ pé: “Ìjọba ti ṣèlérí owó oṣù tuntun. Ṣùgbọ́n kò tíì sí nínú ètò ìṣúná.” Bí wọ́n bá mú gbólóhùn àkọ́kọ́ nìkan, kílẹ̀ tó mọ́, bàbá kan á ti lọ yáwó lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù.

ChatGPT àti ẹgbẹ́ rẹ̀ kì í ṣà ní tiwọn, ẹnu ara wọn ni wọ́n fi ń tún un sọ. Ó dùn-ún kà, ó sì wúlò fún àkọsílẹ̀ ìpàdé tó gùn. Àmọ́ atúnrọ̀sọ lè fi tirẹ̀ kún un. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, irinṣẹ́ Apple gé ìròyìn BBC kúrú sójú fóònù, ó ní ọkùnrin kan tí wọ́n fẹ̀sùn ìpànìyàn kàn ní New York ti yìnbọn fún ara rẹ̀. BBC ò sọ bẹ́ẹ̀. Àtìmọ́lé lọkùnrin náà wà láàyè. BBC fẹjọ́ sùn, nígbà tó sì di oṣù Kìíní ọdún 2025, Apple dá gígé ìròyìn kúrú dúró ná.

Ohun tó ti wà nínú ọmọlúwàbí tẹ́lẹ̀ ló ń sọ àbọ̀ di odindi. Nítorí náà, ẹni tó ti ka ìròyìn tán nìkan ló lè mọ̀ pé ẹ̀rọ purọ́, òun gan-an ni kò sì nílò ẹ̀rọ.

Àwọn onímọ̀ tó ń fi irinṣẹ́ wọ̀nyí wéra ńkọ́? Òṣùwọ̀n kan tí wọ́n gbójú lé ni ROUGE, tó jáde lọ́dún 2004. Iye ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tó bá ti àgékúrú tí ènìyàn ṣe mu ló ń kà. Ẹ yọ “kò” kan ṣoṣo kúrò nínú “ilé ẹjọ́ kò dá ọ̀gá àgbà náà lẹ́bi lórí owó tó sọnù”: ọkùnrin náà dèrò ẹ̀wọ̀n, máàkì ẹ̀rọ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pé.