Kóńgò Ìjàpá ní Akute

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbóó, ó dá lórí Ìjàpá Tìrókò, ọkọ Yánníbo.

Nígbà tí ẹranko ló ni Akute, kí owó ilé Èkó tó lé ọmọ èèyàn sọdá Berger wá ra ilẹ̀ síbẹ̀, Erin ni ọba wọn. Àká àgbàdo ìlú wà létí odò Ògùn. Lọ́dọọdún, ọgọ́rùn-ún kóńgò ni wọ́n ń bá nínú rẹ̀. Ebi ò pa wọ́n kú, wọn ò sì yó. Ṣùgbọ́n Erin ò rí oorun sùn mọ́, nítorí ó gbọ́ pé ìlú Ẹfọ̀n lódìkejì odò ń dàgbà.

Ìjàpá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìdálẹ̀ dé ni, gíláàsì lójú, ìwé ní abíyá. Wọ́n ní ọ̀mọ̀wé nínú ètò ọrọ̀ ajé ni. Kò sẹ́ni tó bi í pé ilé ẹ̀kọ́ wo ló lọ; ẹni tó bá wọ kóòtù nínú oòrùn Akute, àwa náà kì í bi í.

Erin ní, "Ìjàpá, mo fẹ́ kí ìlú mi dàgbà."

"Kábíyèsí, kò ju òru kan lọ."

Lóru, Ìjàpá gbé kóńgò ìlú, ó dojú ẹ̀ délẹ̀, ó mú ọmọ ọlọ, ó ń lù ú nídìí, gbì, gbì, títí ìdí kóńgò fi wọnú bí ikùn aláàwẹ̀. Àwọn ìyá oníràìsì kan mọ iṣẹ́ yìí dáadáa. Ilẹ̀ mọ́, ó pe gbogbo ẹranko jọ, ó ń wọn àgbàdo, ó ń kọrin:

Mo wọn àgbàdo Erin o
*Dàgbà, dàgbà-ó!*
Ọgọ́rùn-ún la bá lánàá
*Dàgbà, dàgbà-ó!*
Igba dín mọ́kànlá lónìí
*Dàgbà, dàgbà-ó!*
Ẹni ebi ń pa kó rọra kùn
*Dàgbà, dàgbà-ó!*

Àká kan náà, àgbàdo kan náà. Erin jó títí ilẹ̀ fi mì.

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ní oṣù kẹrin ọdún 2014, ìṣirò ọrọ̀ ajé Nàìjíríà fi ìdá 89 nínú ọgọ́rùn-ún fò sókè lọ́jọ́ kan ṣoṣo, a sì gba ipò kìíní ní Áfíríkà lọ́wọ́ South Africa. Wọn ò lu ìdí kóńgò o. Kóńgò ọdún 1990 ni wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀, èyí tí kò mọ fóònù alágbèéká, tí kò ka fíìmù Nollywood kún. Wọ́n wá pààrọ̀ rẹ̀ sí ti 2010. Ìṣirò náà tọ́. Gáàrì inú ike mi ni kò gbọ́.

Ọ̀nì inú odò gbọ́ ní tirẹ̀. Nígbà tó gbọ́ igba dín mọ́kànlá, ó yá Erin ní ọgọ́jọ kóńgò àgbàdo. Ìjàpá tún ṣí ìwé: "Kábíyèsí, àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé King àti Levine yẹ orílẹ̀-èdè 80 wò, wọ́n kọ ọ́ ní 1993 pé ibi tí ètò owó bá ti jinlẹ̀ ni ọrọ̀ ajé ti ń yára dàgbà. Báǹkì wa gbọ́dọ̀ jinlẹ̀."

Ló bá gbẹ́ kòtò. Kòtò náà jìn ju kànga lọ. Wọ́n da àgbàdo Ọ̀nì sísàlẹ̀, Ìjàpá sì sọ̀ kalẹ̀ lọ ṣọ́ ọ. Wọ́n yọ díẹ̀ níbẹ̀ fi ra páìpù ńlá, wọ́n rì í láti odò gba ẹ̀yìnkùlé Ọ̀kẹ́rẹ́. Ọ̀kẹ́rẹ́ fi etí lé e, ó gbọ́ omi tó ń sáré lọ sí Èkó. Ibi tí mo dé yìí kì í ṣe àlọ́: omi odò Ògùn tí wọ́n ń fà ní Akute ló ń lọ sí ilé iṣẹ́ omi Ìjú àti Adiyan kí Èkó lè rí i mu, iná mẹ́gáwáàtì 12 tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Akute, torí àwọn ẹ̀rọ omi náà ni. Onílé Akute, lọ gbẹ́ kànga rẹ.

Àkàrà ni Ọ̀kẹ́rẹ́ ń dín. Ẹ̀wà kóńgò méjì péré ló fẹ́ yá. Ó bẹ̀rẹ̀ sẹ́nu kòtò, ó pariwo. Ohùn kan ti ìsàlẹ̀ wá, bí ẹni tí oúnjẹ kún lẹ́nu: "Mú oníduúró méjì wá, àti ìwé ilẹ̀ ní Ìkẹjà."

Orí igi ni Ọ̀kẹ́rẹ́ ń gbé. Ó yáa lọ bá Ìgbín alájọ. Ìgbín kì í yára, ṣùgbọ́n kò sí àárọ̀ tí kì í dé ìsọ̀. Á yọ káàdì, á fi itọ́ tọ́ ẹnu pẹ́ńsù, á fa ìlà sójú àpótí kan. Àpótí mọ́kànlélọ́gbọ̀n: ọgbọ̀n jẹ́ ti Ọ̀kẹ́rẹ́, ẹyọ kan jẹ́ ti Ìgbín. Oṣù parí, Ọ̀kẹ́rẹ́ ra ẹ̀wà.

Ìkórè dé, Ọ̀nì gòkè odò tòun ti kóńgò tirẹ̀, ìdí rẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ. Kò kọrin. Àwọn ẹranko tiẹ̀ kọ́kọ́ gbè é, "Dàgbà, dàgbà…", ohùn bá ń já lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ọgọ́rùn-ún, ilẹ̀ àká ti hàn. Nínú kòtò, háhá nìkan ló kù. Gbèsè ku ọgọ́ta. Erin wo Ìjàpá. Ọ̀nì náà wò ó.

Ìrọ̀lẹ́ ni Ìjàpá sáré dé ìsọ̀ Ọ̀kẹ́rẹ́, gíláàsì ti bọ́. "Ìgbín, ọ̀rẹ́ mi, yá mi ní ọgọ́ta kóńgò."

Ìgbín tú àpò, ó yẹ àwọn káàdì wò láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó fa tuntun yọ, ó kọ "Ìjàpá" sí i lórí, ó fi itọ́ tọ́ ẹnu pẹ́ńsù.

"Ọ̀mọ̀wé, èló lẹ ó máa dá lójúmọ́?"