Ẹ Gba Ilé, Ẹ Gba Aládùúgbò Lọ́fẹ̀ẹ́

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ìlú kan ṣe rí, ẹ fi òpìtàn sílẹ̀, ẹ pe ajẹ́ǹtì ilé. Ọ̀gbẹ́ni M. G. Smith kọ odindi ìwé lórí ìjọba Zazzau, ìyẹn Zaria, ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1960. Mary aya rẹ̀ jókòó ti ìyá àgbà kan ní agbègbè Zaria, ó gba ìtàn ìgbésí ayé ìyá náà sílẹ̀ láti ẹnu rẹ̀, ó sọ ìwé ọ̀hún ní Baba of Karo. Wọ́n ṣiṣẹ́, ọwọ́ wọn kò ní í rọ. Ṣùgbọ́n ẹ tú ìwé méjèèjì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ kò ní í rí iye tí yàrá kan àti pálọ̀ ń lọ ní àdúgbò Hanwa. Ajẹ́ǹtì mọ̀ ọ́n. Ó mọ iye tó jẹ́ lánàá, ó sì mọ iye tí yóò jẹ́ lónìí bí ó bá ti wo bàtà ẹsẹ̀ yín tán.

Ó ní jọ́gíráfì tirẹ̀ pẹ̀lú. Nínú jọ́gíráfì ajẹ́ǹtì, ìṣẹ́jú márùn-ún ni gbogbo ibi ní Zaria sí géètì Yunifásítì Ahmadu Bello. Samaru, ìṣẹ́jú márùn-ún. Èyí kò burú, Samaru náà ni géètì wà. Bomo, ìṣẹ́jú márùn-ún. Palladan, ìṣẹ́jú márùn-ún. Shika, níbi tí àwọn olùwádìí ti ń sin màlúù àti adìyẹ, ìṣẹ́jú márùn-ún. Dogarawa tó wà lápá ọ̀nà Kano, ìṣẹ́jú márùn-ún, "bí ọ̀nà bá ti là, Ẹ̀gbọ́n." Ìṣẹ́jú wo ló ń kà, mi ò mọ̀. Bóyá ti ọkọ̀ òfúrufú ni, torí ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn awakọ̀ òfúrufú wà ní Zaria láti 1964. Àwa tí kẹ̀kẹ́ Nápẹ̀ẹ̀pù ń gbé, tí à ń dúró ní Kwangila kí tírélà tó yà tán, aago tiwa kì í bá ti ajẹ́ǹtì dọ́gba.

Ẹ bi í nípa omi. "Omi wà, Alhaji." Kò purọ́. Omi wà lóòótọ́: ó wà nínú kẹ́ẹ̀gì, kẹ́ẹ̀gì wà lórí ọmọlanke, mẹ́ruwà ló ń tì í kọjá lójú títì láàárọ̀. Ẹni tó bá ti pẹ́ ní Zaria mọ̀ pé ẹ̀rọ omi ìjọba níbẹ̀ ní sùúrù ju àwọn tó ń dúró dè é lọ. Ìjọba kan á dé, á ṣe ìfilọ́lẹ̀, a ó pàtẹ́wọ́, páìpù á wúkọ́ díẹ̀. Ìdí nìyí tí ajẹ́ǹtì fi máa ń tan ẹnu ẹ̀rọ omi inú ilé han oníbàárà kíákíá, tí á tún pa á dé kíákíá, kí ẹnikẹ́ni má bàa gbọ́ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń súfèé níbẹ̀.

Ibi tí iṣẹ́ náà ti le jù ni Birni, ìlú àtijọ́ tí wọ́n mọ odi yí ká, tí à ń gba Kofar Doka wọ̀. Ilé Hausa àtijọ́, zaure ni iwájú rẹ̀. Ibẹ̀ ni àlejò ọkùnrin ń jókòó, ibẹ̀ náà ni yóò sì gbà padà. Ohun tó wà lẹ́yìn zaure jẹ́ ti àwọn obìnrin àti ọmọdé. Ajẹ́ǹtì tó bá tagìrì wọ ibẹ̀ pé òun fẹ́ wọn yàrá, kọmíṣọ́nù kọ́ ni yóò bá jáde. Yorùbá ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ní Birni, ẹ ti dárúkọ iye ilé, ẹ ti ná an dé ìdajì, ẹ kò tíì rí ilé. Ọkùnrin méjì á jókòó lórí ẹní ní zaure, wọ́n á máa jiyàn lórí yàrá kẹfà. Ajẹ́ǹtì ní ó wà. Ẹni tó fẹ́ rà á ní òun gbọ́ pé márùn-ún ni. Kò sí ẹni tó lè dìde lọ kà á nínú wọn.

Ẹni tó mọ̀ wà, ó kàn jẹ́ pé wọn kò pè é ni. Dillaliya ni, ìyá tó ń gbé aṣọ àti àwo kiri inú ilé, tó ń tà fún àwọn ìyàwó ilé ní àwìn. Ó mọ ògiri tó ń jò. Ó mọ ilé tí àwọn orogún ti ń bára wọn sọ̀rọ̀ àti èyí tí wọn kò ti bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Ó mọ yàrá kẹfà, ibẹ̀ ni wọ́n ń so àgbò mọ́. Ẹgbẹ́ àwọn awọnlé-díyelé ti wà ní Nàìjíríà láti 1969, òfin tó sì dá ìgbìmọ̀ ìforúkọsílẹ̀ wọn sílẹ̀ jáde ní 1975. Ajẹ́ǹtì tí mo ń sọ kò tíì gbọ́ nípa òfin náà, ṣùgbọ́n bí ìgbìmọ̀ bá ń wá ẹni tí yóò fún ní ìwé-ẹ̀rí ní Zaria, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá yẹn.

Ojú tí ajẹ́ǹtì fi ń wo ohun àtijọ́ tún jẹ́ ẹ̀kọ́ lọ́tọ̀. Ó dé ìdí Mọ́ṣáláṣí Jímọ̀ tí Babban Gwani Mikaila, ọ̀gá àwọn mọlémọlé, fi amọ̀ kọ́ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ó yí i ká, ó mi orí, ó béèrè bóyá ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣì ṣófo. Ó dé Wusasa, ó rí ṣọ́ọ̀ṣì alámọ̀ St Bartholomew tí wọ́n kọ́ ní 1929, ó ní bí wọ́n bá fi táìsì sí i, àdúgbò á gbéra. Nígbà tí wọ́n wá sọ fún un pé Wusasa yìí ni Ọ̀gágun Yakubu Gowon ti dàgbà, kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ó kàn mú fóònù jáde, ó fi ìdá kan kún owó ilé gbogbo òpópónà náà.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣe é ní ti òdodo. Ajẹ́ǹtì tòní, ọmọ iṣẹ́ ni. Ọ̀gá wọn pátápátá ni Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ojú irin dé Zaria ní nǹkan bí 1911, èrò bá a dé: akọ̀wé, télọ̀, oníṣòwò, káfíńtà, Yorùbá, Ìgbò, Nupe àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Gẹ̀ẹ́sì kò mú ẹnikẹ́ni lọ wo ilé. Ó kàn fọwọ́ tọ́ka ni. Ọmọ ìlú, Birni ni tirẹ. Ìwọ ará Àríwá tí o kì í ṣe ọmọ Zaria, Tudun Wada. Ẹ̀yin ará Gúúsù, Sabon Gari. Òun fúnra rẹ̀ kó lọ sí GRA, sábẹ́ igi, níbi tí atẹ́gùn wà. Lábẹ́ Òfin Táùnṣíìpù tí Lugard ṣe ní 1917, àyè gbalasa tó tó 440 yáàdì ni wọ́n ní kó wà láàárín ibùgbé òyìnbó àti ibùgbé adúláwọ̀. Wọ́n ní nítorí iná ni, àti nítorí ẹ̀fọn tó lè gbé ibà láti ara wa dé ara wọn. Ẹ̀fọn ilẹ̀ wa, gẹ́gẹ́ bí ìmọ̀ ayé ìgbà náà, á fò dé yáàdì 439, á mí kanlẹ̀, á sì padà sílé.

Òyìnbó ti lọ, ẹ̀fọn ti dé GRA tipẹ́, ṣùgbọ́n ìka tó ń tọ́ka náà kò tíì sọ̀ kalẹ̀. Kí ajẹ́ǹtì tó bi yín ní iye yàrá tí ẹ ń wá, ó ti bi yín ní orúkọ. Bí orúkọ bá jẹ́ Samuel, kẹ̀kẹ́ ti yà sí Sabon Gari. Bí ó bá jẹ́ Sani, ó ti yà sí Tudun Wada. Ẹni tó ń fún un ní orí fífọ́ ni ọmọ Ìlọrin. Alhaji Mùsùlùmí gidi, tó ń kírun ní àsìkò, tó sì ń fi Yorùbá bá ìyàwó rẹ̀ jà. Ẹ̀sìn rẹ̀ ń pè é sí Tudun Wada, àmàlà ń pè é sí Sabon Gari. Mo ti rí ajẹ́ǹtì tó dúró níbi tí wọ́n ń pè ní PZ pẹ̀lú irú oníbàárà bẹ́ẹ̀, tó ń wo ọ̀tún, tó ń wo òsì. Ó mú un lọ síbi méjèèjì níkẹyìn, ó sì gba owó ìwolé lẹ́ẹ̀mejì.

Kí ará ilé wa má fi Zaria ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ìbàdàn ya Sábó sọ́tọ̀ fún àwọn Hausa ní 1916, ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá ló sì ní Sábó tirẹ̀ dòní. Bí ẹ bá wá dé Èkó tí ọ̀làjú pọ̀ sí, onílé á ní òun kò gba ẹ̀yà báyìí, òun kò gba lọ́yà, òun kò gba ọlọ́pàá, òun kò gba ọmọbìnrin tí kò lọ́kọ. Ẹni tó kù tí ó lè gbé ilé náà ni òkú, kò sì lè san owó ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ará Èkó gan-an ni ọjà ajẹ́ǹtì Zaria dùn tà fún jù. Kò ní í pẹ́ lórí ọ̀rọ̀. Á kàn gbé ọwọ́ lé àyà, á ní, "Ẹ̀gbọ́n, kò sí ọmọ onílẹ̀ níbí." Omijé á lé sójú oníbàárà. Ọkùnrin tó ti san owó ìpìlẹ̀, owó déékìn, owó òrùlé àti owó wọlé-wọlé fún ìran mẹ́ta nínú ẹbí kan ṣoṣo! Ìjọba Èkó ṣe òfin sí wọn ní 2016. Àwọn ọmọ onílẹ̀ ka òfin náà dáadáa, wọ́n sì fi owó ìkàwé kún ti ìpìlẹ̀.

Ohun tí ajẹ́ǹtì gbé pamọ́ ni pé Mai Unguwa wà. Baálẹ̀ àdúgbò ni, kì í gba owó déékìn, ìbéèrè ló ń béèrè. Ọmọ ta ni ọ́? Iṣẹ́ wo lò ń ṣe? Ta ló mọ̀ ọ́ ní ìlú yìí, kí ẹni náà sì wá jókòó síbí? Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 ti fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, ọ̀dọ̀ KADGIS, iléeṣẹ́ ilẹ̀ ìpínlẹ̀ Kaduna, lẹ sì ti ń gba ìwé rẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n gómìnà kò mọ ẹni tó ń jí ewúrẹ́ kó ní àdúgbò kan ní Kaduna kí ó tó kó wá sí Zaria. Mai Unguwa mọ̀ ọ́n. Bí kò bá tíì mọ̀, á mọ̀ kí ó tó tẹ ìka sí ìwé yín.

Ta ló ń sọ fún un? Majalisa ni. Mi ò sọ ti àwọn aṣòfin ní Àbújá, tí wọ́n ń gba owó oṣù. Ti abẹ́ igi dóńgóyárò ni mo ń sọ, níbi tí àwọn àgbà ọkùnrin ń tẹ́ ẹní sí lẹ́yìn ìrun àásárì, tí mai shayi gbé kẹ́tù àti búrẹ́dì kalẹ̀ sítòsí wọn. Gbogbo oníbàárà tí ajẹ́ǹtì bá mú wá, iwájú wọn ni yóò gbà kọjá. Wọ́n á kí i: sannu, báwo ni àárẹ̀, iṣẹ́ ńkọ́, ará ilé ńkọ́, òtútù yìí ńkọ́? Ìdáhùn wà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá kánjú dáhùn gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà tó sì wọlé lọ ti féèlì. Kò sí ẹni tí yóò sọ fún un. Kí ilẹ̀ tó ṣú, onílé á pe ajẹ́ǹtì pé ẹlòmíràn ti gba ilé náà, ilé náà á sì ṣófo fún oṣù mẹ́fà sí i. Ajẹ́ǹtì á ní ọjà ti dẹ̀. Kò mọ̀ pé ìdánwò ni oníbàárà rẹ̀ ṣe, kò sì kàwé.

Samaru nìkan ni majalisa kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára, torí akẹ́kọ̀ọ́ kì í dúró kíni. Owó ni ọ̀rọ̀ ibẹ̀. Ní 14 Oṣù Kejì 2022, ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, daṣẹ́ sílẹ̀, Oṣù Kẹwàá ni wọ́n tó padà. Oṣù mẹ́jọ ni yàrá wà ní títì pa tí owó rẹ̀ sì ń lọ, mi ò sì gbọ́ pé onílé kan dá kọ́bọ̀ padà. Ajẹ́ǹtì kò fi àsìkò ṣòfò. Ó tún ìpolówó kọ sórí Wọ́sáàpù rẹ̀: àdúgbò tó tòrò minimini, kò sí ariwo akẹ́kọ̀ọ́.

Láìpẹ́ yìí ni ọ̀kan nínú wọn rí ohun tuntun tà. Ilé kan ní Tudun Wada ti pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò lọ. Ó jókòó, ó ronú, ó kọ ọ́ báyìí: ààbò wákàtí mẹ́rìnlélógún wà, ẹnikẹ́ni kò lè wọ òpópónà yìí kí wọ́n má bi í léèrè. Ibi ìtọ́jú ọmọ wà, aládùúgbò ń gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ láìgba owó. Ẹran ọdún Iléyá dájú, ìwọ náà fi ìrẹsì ránṣẹ́ ní Kérésìmesì bí o bá ń ṣe é. Ó fi gbogbo èyí lé owó ilé, ó sì rí ayálégbé kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

Ọmọ iléèwé kan ló ka ìpolówó náà sí etígbọ̀ọ́ àwọn àgbà lábẹ́ igi. Wọ́n ní wọn kò bínú rárá. Wọ́n ránṣẹ́ pe ajẹ́ǹtì, wọ́n fún un ní tíì àti búrẹ́dì, wọ́n bi í nípa iṣẹ́, ará ilé àti òtútù. Lẹ́yìn náà ni èyí tó dàgbà jù nínú wọn sọ pé àwọn gbọ́ pé ó ti ta àwọn, ọjà tí wọ́n bá sì tà, la'ada, owó alágbàtà, wà lórí rẹ̀. Ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ni àwọn máa gbà. Kí ó sì jọ̀wọ́ fi owó káṣọ̀n lé e, nítorí àwọn kò tíì mọ ayálégbé tuntun náà dáadáa, ó lè ba àwọn jẹ́.