Ẹ Sọ Kùmọ̀ Yẹn Sílẹ̀

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Boni, ẹ jókòó. Ẹni tó ń tẹ fóònù, kó tì í bọ àpò. Ọ̀rọ̀ ìlú ló délẹ̀: ajá ọdẹ tó ń kọjú sí ògiri gbó láti òru di ìdájí. Àwọn kan ní àjẹ́ ló rí. Àwọn kan ní dìgbòlugi ni, wọ́n ti gbé kùmọ̀. Mo ti gbọ́ tẹnu yín. Ó ku tèmi.

Dìgbòlugi kì í falẹ̀. Bí àmì rẹ̀ bá ti yọ lára ajá, ó ṣòro kó tó lo ọjọ́ 10 sí i láyé. Ìgbà kajú lèyí ti bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀, iṣu tuntun ti wá dé. Àbí dìgbòlugi máa ń gba ìsinmi ni? (Ṣùgbọ́n ẹni tí ajá bá bù jẹ, kó fi ọṣẹ àti omi fọ ojú egbò fún ìṣẹ́jú 15, kó sì gba ọsibítù lọ lójú ẹsẹ̀. N kò ṣeré níbẹ̀ o.)

Ajá tó lé òkété yí ẹsẹ̀ òkè Ṣábẹ̀ẹ́ ká nígbà èwe rẹ̀ ti ṣarán, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wò ó lẹ́nu ọ̀nà: ìhà ibi tí wọ́n ti kan ilẹ̀kùn mọ́gi ló dúró sí, ó ń retí kó ṣí níbẹ̀. Ó jẹun tán, ó tún ń wo abọ́ bí ẹni tí wọn ò fún lóúnjẹ láti àná. Ta ló ń wojú mi un?

Àwọn onímọ̀ kan ní California kọ ọ́ ní 2001 pé nínú ajá 100 tó ti pé ọdún 11 sí 12, 28 ti ní ó kéré tán àmì ìṣarán kan. Nínú àwọn tó ti pé 15 sí 16, 68 ni. Ohun tó ń dì sínú ọpọlọ wọn jọ èyí tí dókítà ará Jámánì nì, Alois Alzheimer, ròyìn ní 1906 pé òun rí nínú ọpọlọ obìnrin kan. Ṣé àjẹ́ ló dé Jámánì náà?

Ẹ má ṣí abọ́ omi rẹ̀ nípò. Ẹ fi iná kékeré sílẹ̀ fún un lóru. Bó bá tọ̀ sílé, ẹ nù ún. Bẹ́ ẹ bá lù ú, kò ní mọ ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣẹ̀. Kí dókítà ẹran wo ojú, etí àti oríkèé rẹ̀, nítorí ìrora náà a máa mú ajá gbó lóru. Oògùn oorun tèèyàn, ẹ má dán an wò.

Ẹnìkan ń kùn níbẹ̀ yẹn pé ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Etí ló di sí i, ọ̀gbẹ́ni! Síbẹ̀, ajá náà gbọ́dọ̀ rìn lọ́sàn-án kó tó lè sùn lóru. Ìwọ tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, bọ́ síwájú. Okùn rẹ̀ rèé.